Ohun Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Ń Ṣe Kó Tó Lọ

Bí a bá fẹ́ rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wa hẹlikópítà lọ sójú ogun tí kò padà, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni "akọni". Akọni ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ìwé ìrántí tí wọ́n kọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú wọn: ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo rẹ̀, débi pé bí ẹ bá pa orúkọ inú rẹ̀ rẹ́, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Oníjàálá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í pe ọdẹ ní akin kó sì dákẹ́. Á dárúkọ ẹranko tó pa, á sọ igbó tó ti pa á, á sọ bó ṣe dúró nígbà tí ẹranko náà yíjú sí i. Irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ni mo gbà pé ó tọ́ sí awakọ̀ hẹlikópítà: kí a mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kí a mọ ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe níkẹyìn, kí a mọ ohun tó pa á àti ìdí tó fi lè pa á.

Ogun Vietnam ni mo máa fi ṣàlàyé, torí hẹlikópítà ni ẹsẹ̀ tí Amẹ́ríkà fi rin ogun yẹn. Nǹkan bíi 12,000 hẹlikópítà ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì lé ní 5,000 tó ṣègbé. Àwọn awakọ̀ tó kú lé ní 2,000. Àwọn mẹ́káníìkì àti ayìnbọn tó wà lẹ́yìn wọn nínú ọkọ̀ tún kú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn awakọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogún ọdún ni, tàbí kí wọ́n fi díẹ̀ lé e. Òkú ọ̀fọ̀ ni.

Iléeṣẹ́ ọmọ-ogun orí ilẹ̀ ló gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyè. Ọmọ-ogun òfuurufú àti ti ojú omi sábà máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ti orí ilẹ̀ ní ètò fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, bó bá ti yege ìdánwò àti àyẹ̀wò ara. Fort Wolters, nítòsí ìlú Mineral Wells ní Texas, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú hẹlikópítà kéékèèké bíi OH-23 tí Hiller ṣe àti TH-55 tí Hughes ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọjá sí Fort Rucker ní Alabama, àwọn mìíràn sí pápá Hunter ní Georgia. Gbogbo rẹ̀ á gbà tó oṣù mẹ́sàn-án, wákàtí bíi 200 lójú òfuurufú, kí wọ́n tó fún un ní oyè wọ́ránti ọ́físà kí wọ́n sì so ìyẹ́ fàdákà mọ́ ọn láyà. Orúkọ àwọn ìlú Vietnam ni wọ́n fún àwọn pápá ìdánrawò kan ní Wolters, Pleiku, Da Nang, Vung Tau, kí ọmọ náà lè máa pè wọ́n lórí rédíò kó tó fojú kàn wọ́n. Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dá fò láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé e jù sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan nínú ìlú náà, taṣọ-tabàtà. Nítorí náà, bí ẹbí kan bá ní fọ́tò ọmọkùnrin tó rin gbingbin nínú aṣọ ológun, tó ń rẹ́rìn-ín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì wà lórí ọ̀pá kan tó na gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Bó bá fà á sókè, abẹ̀bẹ̀ ńlá orí ọkọ̀ á túbọ̀ gbá afẹ́fẹ́, ọkọ̀ á gbéra. Bó bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ọkọ̀ á sọ̀. Ibi tó ti di ọ̀pá náà mú ṣeé yí bíi ti alùpùpù, òun ló ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo. Ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá kejì mú láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì; ibi tó bá darí rẹ̀ sí ni ọkọ̀ á fì sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹ́dàlì méjì tó ń darí abẹ̀bẹ̀ kékeré ti ìrù, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa pòyì lábẹ́ abẹ̀bẹ̀ ńlá. Kò sí èyí tó dá dúró nínú gbogbo wọn. Bó bá fa ọ̀pá òsì, imú ọkọ̀ á yà sí ọ̀tún, ó di dandan kó tẹ pẹ́dàlì òsì; bó bá tẹ pẹ́dàlì, ọkọ̀ á fẹ́ máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ dá a dúró. Kí ọkọ̀ ṣáà dúró sójú kan ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ làágùn, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń lo tó wákàtí mẹ́wàá kí ọwọ́ wọn tó balẹ̀. Ara á wá mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní máa rò ó mọ́.

Huey ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn wà. UH-1 ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Bell ló ṣe é, ó sì kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1956. Èyí tí wọ́n ń pè ní UH-1H ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 1,400. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní apá méjì, ẹsẹ̀ bàtà 48 láti ṣóńṣó kan dé èkejì, ó sì ń yí ní ìgbà 324 láàárín ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi kílò 4,300 lọ. Awakọ̀ méjì ló ń jókòó níwájú. Lẹ́yìn, létí ilẹ̀kùn méjèèjì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ni mẹ́káníìkì ọkọ̀ àti ayìnbọn wà, kálukú pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta M60. Awakọ̀ lè wa ọkọ̀ yìí lónìí kó wa òmíràn lọ́la, ṣùgbọ́n mẹ́káníìkì kì í fi tirẹ̀ sílẹ̀: òun ló ń tún un ṣe lóru, òun ló ń bá a fò lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ń kọ ìrántí awakọ̀ tí kò dárúkọ àwọn méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì kọ ìrántí náà tán. Awakọ̀ tó jẹ́ olórí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì lè má ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ. Ohun tó fi ṣe ọ̀gá ni pé ó ti lo oṣù mélòó kan níbẹ̀ láìkú.

Ooru wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Bí ilẹ̀ bá ga tí oòrùn sì mú, afẹ́fẹ́ á fẹ́lẹ́. Ẹ́ńjìnnì ò ní rí i mí tó, abẹ̀bẹ̀ ò sì ní rí i gbá tó. Ọkọ̀ tó lè gbé ọmọ-ogun mẹ́jọ pẹ̀lú ẹrù wọn létí òkun láàárọ̀ lè má gbé mẹ́fà lórí òkè lọ́sàn-án. Ìlànà rẹ̀ rọrùn láti sọ: kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ sókè ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kó wo àwọn aago iwájú rẹ̀, bí agbára tó kù kò bá tó, kó balẹ̀, kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí ọta ti ń fò lórí, tí àwọn tó gbọgbẹ́ ti wà nílẹ̀ ọkọ̀, ta ni á sọ fún ta ni pé kó sọ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà á fa ọ̀pá òsì. Abẹ̀bẹ̀ á béèrè agbára tí ẹ́ńjìnnì ò ní. Ìyípo 324 yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìró ìkìlọ̀ á máa dún létí rẹ̀ nínú akoto. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń yí abẹ̀bẹ̀ ìrù, nítorí náà ìrù náà á máa rẹ̀, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ọ̀tún fúnra rẹ̀. Ara á ní kó fà á sí i, igi ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Ẹ̀kọ́ ní kó tẹ ọ̀pá náà wálẹ̀ díẹ̀, kó sún mọ́ igi náà, kí abẹ̀bẹ̀ lè rí ìyípo rẹ̀ gbà padà. Ìpinnu tí ọmọ ogún ọdún ń ṣe nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì, léraléra lójoojúmọ́.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú pátápátá, hẹlikópítà kì í já lulẹ̀ lọ́gán bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gba ìsàlẹ̀ wá lè máa yí abẹ̀bẹ̀ náà lọ, bí awakọ̀ bá yára. Imú ọkọ̀ á fì sí òsì. Kó tẹ ọ̀pá òsì wálẹ̀ dé ìdí lójú ẹsẹ̀. Kó fi pẹ́dàlì ọ̀tún tọ́ imú. Kó di eré mú láàárín kílómítà 110 sí 150 ní wákàtí. Kó wá ibi tó tẹ́jú. Bó bá ku bí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, kó fa ọ̀pá ọ̀tún sẹ́yìn kí imú ọkọ̀ gbé sókè, kí eré rọ̀. Bó bá ku bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó mú ọkọ̀ tẹ́jú, kó wá fa ọ̀pá òsì, kó fi agbára tó ṣẹ́kù nínú yíyí abẹ̀bẹ̀ náà balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni agbára yẹn wà. Bó bá tètè fà á, abẹ̀bẹ̀ á ti rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè. Bó bá pẹ́ kó tó fà á, ilẹ̀ á ti dé. Abẹ̀bẹ̀ Huey wúwo, kì í tètè rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀mí wọn.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní gíga tàbí eré lọ́wọ́. Àwòrán kan wà nínú ìwé ọkọ̀ tó fi hàn ibi tí kò ti sí àsálà: nílẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú eré díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wọn wà. Lójú ọ̀nà, awakọ̀ á fò ju 1,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ kí ìbọn kékeré má bàa bá a, tàbí kó máa rá orí igi lọ kí ojú tó rí i tó ti kọjá. Bó bá dé ibi ìbalẹ̀, kò sí ọgbọ́n mìíràn: ó gbọ́dọ̀ dín eré kù títí á fi dúró, ní gbangba, níwájú ẹni tó ń yìnbọn sí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1965, ní àfonífojì Ia Drang, níbi ìbalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní X-Ray, àwọn hẹlikópítà kò yéé gbé ọta àti omi wọlé, wọn kò yéé gbé àwọn tó gbọgbẹ́ jáde. Bruce Crandall àti Ed Freeman wà lára àwọn awakọ̀ wọn. Àmì ẹ̀yẹ Medal of Honor tí wọ́n gbà fún ọjọ́ yẹn kò dé ọwọ́ Freeman àfi 2001, ti Crandall di 2007. Wọ́n yè láti gbà á. Charles Kelly, ọ̀gá àwọn hẹlikópítà Dust Off tó ń kó àwọn tó gbọgbẹ́, kò yè: ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1964, wọ́n ní kó kúrò níbi ìbalẹ̀ tí ìbọn ti ń dún, ó kọ̀, ó ní ó di ìgbà tí òun bá gbé àwọn tí òun wá gbé. Kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́ nígbà náà, àmọ́ ìṣe rẹ̀ yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀ lé e fi ṣe òfin. Nígbà ìkọlù Lam Son 719 ní Laos, ní oṣù kejì sí ìkẹta ọdún 1971, hẹlikópítà tó ṣègbé lé ní 100, ìbọn ńlá àjàbàálù ló dúró dè wọ́n lórí àwọn òkè náà.

Kì í ṣe ọ̀tá ló pa gbogbo wọn. Abẹ̀bẹ̀ ìrù tó gbá igi lẹ́yìn, níbi tí ojú awakọ̀ ò dé, wà nínú rẹ̀. Eruku tí abẹ̀bẹ̀ gbé sókè tí ilẹ̀ ò fi hàn mọ́ wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti ọ̀pá ọ̀tún síwájú lójijì tí ara inú ọkọ̀ fúyẹ́, ìdí abẹ̀bẹ̀ tó ní apá méjì lè gbá òpó tó gbé e ró títí á fi kán. Kò sí ohun tí ẹ̀dá lè ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Òkùnkùn àti ìkùukùu ló wá burú jù. Ẹ̀kọ́ fífò láìrí ìta, pẹ̀lú aago nìkan, kò pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ àsìkò òjò ibẹ̀ kì í fi òkè hàn. Inú ìkùukùu, etí a máa tan èèyàn: á dà bíi pé ọkọ̀ tẹ́jú nígbà tó ti ń dẹ̀gbẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ìwé ìròyìn ikú á wá kọ ọ́ pé kì í ṣe ọ̀tá ló pa á, gbólóhùn yẹn a sì máa dun àwọn òbí bíi pé ikú ọmọ wọn kéré. Kò kéré. Ìpè fún ẹni tó gbọgbẹ́ ló máa ń gbé wọn wọ inú òru bẹ́ẹ̀.

Iná ló yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, torí ó ṣeé dènà, wọ́n sì dènà rẹ̀ níkẹyìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ lè balẹ̀ lọ́nà líle tí egungun ẹnikẹ́ni kò kán, kí táńkì epo ya, kí páìpù já, kí epo JP-4 tó tètè ń gbiná dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Àwọn tí ìjábọ́ kò pa, iná pa wọ́n. Ẹ̀rọ tó yanjú rẹ̀ kì í ṣe àdììtú: àpò epo rọ́bà líle tí kì í ya, àti ìsopọ̀ páìpù tó máa ń pa ẹnu ara rẹ̀ dé bó bá já. Láti 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ mọ́ Huey tuntun, ikú iná nínú ìjábọ́ tó ṣeé yè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin nínú àwọn ọkọ̀ tó ní i. Aṣọ Nomex tí kì í tètè jó náà pẹ́ kó tó kárí. Ẹni tó bá ń rántí ọmọ tó kú ní 1966 tàbí 1967 lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ èyí, kódà bó tilẹ̀ ń dunni, torí ó jẹ́ òtítọ́ nípa bó ṣe lọ. Àwọn tó yè lẹ́yìn 1970, ara àwọn tó ṣáájú wọn ni wọ́n fi kọ́ ọgbọ́n náà.

Ìròyìn ikú fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀nà tó dára níbẹ̀rẹ̀. Ní 1965, lẹ́yìn Ia Drang, awakọ̀ takisí ló ń gbé tẹligíráàmù lọ fún àwọn ìyàwó ní ìlú Columbus ní Georgia. Julia Compton Moore, ìyàwó ọ̀gágun kan tó jà níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn délé opó kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ẹjọ́ sùn títí iléeṣẹ́ ológun fi yí i padà sí ọ́físà àti àlùfáà tó ń lọ kan ilẹ̀kùn.

Ní Washington, orúkọ wọn wà lára ògiri òkúta dúdú tí Maya Lin ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1982. Orúkọ tó wà níbẹ̀ lé ní 58,000. Wọn ò tò ó bí a ṣe ń to ìwé orúkọ. Ọjọ́ tí ìjàǹbá bá kálukú ni wọ́n tẹ̀ lé. Ó bẹ̀rẹ̀ ní àárín, níbi tí ògiri méjèèjì ti pàdé, ní páńẹ́lì 1E, ó lọ sí ọ̀tún títí dé 70E, ó wá tún bẹ̀rẹ̀ ní 70W ní ìparí apá òsì, ó padà sí àárín ní 1W. Nítorí náà, àwọn mẹ́rin tó wà nínú Huey kan, tó kú lọ́jọ́ kan, kì í jìnnà síra. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó kú lẹ́yìn oṣù kan nítorí ọgbẹ́ ọjọ́ yẹn wà pẹ̀lú wọn, torí ọjọ́ tó gbọgbẹ́ ni wọ́n lò. Ẹ wá nọ́ńbà páńẹ́lì àti ìlà nínú ìwé atọ́nà tó wà níbẹ̀. Àmì kékeré wà létí àwọn páńẹ́lì ní ìlà mẹ́wàá mẹ́wàá kí kíkà má bàa sọnù. Àmì dáyámọ́ǹdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ni pé wọ́n mọ̀ dájú pé ó kú. Àgbélébùú ni pé a ò tíì rí i. Bí wọ́n bá rí egungun rẹ̀, wọ́n á gbẹ́ dáyámọ́ǹdì lé e lórí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ògiri náà ni pé kò ya ẹni tí ọ̀tá pa sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ìkùukùu pa. Ní itẹ́ òkú Arlington náà, òkúta ìrántí kan wà fún àwọn awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ hẹlikópítà ogun yìí nìkan, láti ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2018.

Ó lé ní 1,500 ọmọ Amẹ́ríkà tí ogun náà gbé lọ tí a kò tíì rí, awakọ̀ hẹlikópítà sì wà nínú wọn. DPAA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan, ló ń wá wọn. Wọ́n á pín ibi tí ọkọ̀ já sí sí igun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ, àwọn ará abúlé á máa fi korobá gbé ilẹ̀ náà lọ sídìí asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́fà lọ. Kíkan ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó máa ń jẹ egungun. Eyín ló sábà máa ń kù. Àwọn tó ń ta irin sì ti kó ara ọkọ̀ lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, ìdè bẹ́líìtì àga, ìdí bàtà, tàbí pátákó irin kékeré tí nọ́ńbà ọkọ̀ wà lára rẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n máa rí lọ́dún kan. DNA tí wọ́n fi ń yẹ egungun wò sábà jẹ́ èyí tó ń gba ọ̀dọ̀ ìyá wá: ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọmọ ìyá rẹ̀, tàbí ọmọ arábìnrin ìyá rẹ̀, lè fún wọn ní itọ́ ẹnu, ọmọ tirẹ̀ ò lè ṣe é fún irú àyẹ̀wò yìí. Ẹbí tí kò tíì fún wọn ní tirẹ̀ ló ń jẹ́ kí egungun kan wà nínú àpótí láìlórúkọ.

Fún ẹni tó fẹ́ kọ ìrántí tó ní ojú tó ní imú, ìwé wà. Fáìlì iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ibi ìkówèépamọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní St. Louis, ìbátan tó sún mọ́ ọn lè béèrè fún un. Iná tó jó ibẹ̀ ní 1973 kò dé ti ogun Vietnam. Nínú ti ọmọ-ogun orí ilẹ̀, ti àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú 1960 ló jó. Ìwé ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ-ogun wà ní National Archives ní College Park, ní Maryland. Níbẹ̀ ni wákàtí, ibi àti ohun tí wọ́n sọ lórí rédíò wà nígbà mìíràn. Ẹ béèrè ìròyìn ìjábọ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú nọ́ńbà ìrù rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú orúkọ awakọ̀ nìkan.

Àwọn lẹ́tà tó kọ "Free" sí ibi tó yẹ kí sítáǹpù wà, inú àpótí kan ló máa ń wà, pẹ̀lú téèpù kékeré tó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ẹ má fi téèpù náà sórí ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà ní ìyẹ̀wù. Ó lè já tàbí kó gé e jẹ. Bó bá ń rùn bíi fínígà, ó ti ń bàjẹ́, ẹ tètè gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ohùn inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́ńsù rírọ̀, ẹ má lo bírò. Àwọn tó bá a fò ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Àwọn nìkan ló mọ ẹni tó dúró létí ilẹ̀kùn ọkọ̀ nínú fọ́tò náà, ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí.